Ìlara Ṣàràfá Onígíá

Bí gíá ọkọ̀ bá ń yọ èèyàn lẹ́nu ní Sabon Gari láyé ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Ṣàràfá ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọmọ Ọ̀fà ni. Ó wọ rélùwéè wá sí Kánò nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, ó kọ́ṣẹ́ ní ọgbà ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan tí ó jẹ́ ti àwọn ará Lẹ́bánónì, nígbà tí ogun abẹ́lé sì parí, ó dá dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò kan níbi tí Sabon Gari ti bá Noman's Land pààlà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti mu ọ́ìlì débi pé bí òjò bá rọ̀, orí ilẹ̀ ni omi ń dúró sí, kì í wọ inú yẹ̀pẹ̀ mọ́. Mai Giya ni àwọn awakọ̀ Hausa ń pè é. Giya ni wọ́n ń pe gíá ọkọ̀, ṣùgbọ́n giya náà ni wọ́n ń pe ọtí. Bí àlejò bá gbọ́ orúkọ yìí, tó wá ń wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ Ṣàràfá tìyanu-tìyanu, Ṣàràfá fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn orúkọ náà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ.

Ọdún 1978 ni Olúgbémi dé. Ará Ẹ̀gbẹ́ ni, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní Kàdúná níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ tuntun. Lọ́jọ́ tó gba ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì títì, ọ̀dọ̀ Ṣàràfá ló kọ́kọ́ wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yẹ̀pẹ̀ ọlọ́ìlì náà, tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mo bá níbí. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe."

Ṣàràfá gbàdúrà fún un tọkàntọkàn. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń dé, tí ẹ̀ẹ̀rùn kan péré máa ń lé lọ ni. Kò tó oṣù mẹ́fà tí àdúrà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Olúgbémi da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbẹ́ kòtò gígùn kan tí èèyàn lè dúró sí kó máa wo abẹ́ ọkọ̀ láì dùbúlẹ̀. Ó ń wọ ofarọ́ọ̀lù búlúù tí kì í dọ̀tí kọjá ọjọ́ méjì. Kó tó mú sípánà, yóò bi onímọ́tò ní ìbéèrè bíi mẹ́wàá, yóò sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé kan.

Ṣàràfá máa ń pariwo láti òdìkejì pé, "Dókítà ni? Ẹ bá mi bi í bóyá ó ní abẹ́rẹ́!"

Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí náà ni wọ́n ń wa ọkọ̀ wọn sọdá nígbà tó bá yá. Onítakisí kan ló kọ́kọ́ lọ, ó ní ọ̀nà ló sún òun débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì gbé bọ́ọ̀sì wọn lọ, Ṣàràfá sì sọ fún ara rẹ̀ pé onígbàgbọ́ ni Olúgbémi, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí tiwọn náà wá gbé Folíwájìn rẹ̀ sọdá, kò mọ ohun tí yóò sọ fún ara rẹ̀ mọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọkọ̀. Láàárọ̀, kó tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ á ti ré títì kọjá: mẹ́rin lọ́hùn-ún, méjì lọ́dọ̀ tèmi. Bó bá wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló ń wò, kó lè mọ ẹni tó ń kọjá lọ. Bó bá délé, oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lọ́fun. Lọ́jọ́ kan, Bushrat ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ pé Kánò ni wọ́n bí i sí, tí kì í fi Yorùbá dáhùn bí wọ́n bá tilẹ̀ fi Yorùbá bi í, sáré wọlé wá, ó ní, "Baba, wallahi, akwai fanka a wurinsa!" Fáànù ni Olúgbémi gbé sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣàràfá jágbe mọ́ ọmọ náà, ó ní kí ló gbé e dé ọ̀hún. Rahinat ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ro tuwo, ó wò ó títí.

Nínú gbogbo oníbàárà rẹ̀, ẹnì kan wà tí Ṣàràfá mọ̀ pé kò ní lọ láéláé. Matilda Adékọ̀yà ni, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Fúnlọ́lá. Opó ni, ará Ìjẹ̀bú, ó sì ń kó mínírà fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì Airport Road àti àwọn ilé Nassarawa GRA. Píkọ́ọ̀pù kan tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló ń fi kó o. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọwọ́ Ṣàràfá kò tíì dé lára rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1981, Yàhàyá tó ń wa ọkọ̀ náà gbé e wá.

Ó ní, "Ọ̀gá, bí mo bá ti fẹ́ gbéra báyìí, gbogbo ara ẹ̀ á máa gbọ̀n rìrì bí ẹni tí ibà mú. Tí mo bá wá fẹ́ yọ ọ́ láti wọ́ọ̀nù sí túù, á ta gbà, bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nígbà míì..."

Ṣàràfá ní, "Kílọ́ọ̀ṣì ni."

"Nígbà míì sì wà tí..."

"Mo ní kílọ́ọ̀ṣì ni, Yàhàyá. Ta ló ń ṣe mẹkáníìkì nínú àwa méjèèjì?"

Ó sọ gíá kalẹ̀, ó pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó yí gíá, ó gbé gíá padà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ dé, ó ń gbọ̀n. Ó tún gíá sọ̀ kalẹ̀, ó tú inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó fọ gbogbo eyín rẹ̀ nínú kẹrosíìnì, ó pààrọ̀ èyí tó jẹ. Iṣẹ́ náà mọ́, nítorí kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó ti Ṣàràfá nínú gíá. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, ọkọ̀ dé, ó ń gbọ̀n jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Fúnlọ́lá fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n nù fún un.

"Bàbá Bushrat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti ṣe é tó. Mo fẹ́ kí Olúgbémi náà bá mi wò ó."

Ṣàràfá ní kò burú. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbé sípánà kan, ó ń nù ún, ó ń nù ún, títí ọkọ̀ náà fi yí, tó gba ojú títì kọjá, tó sì wọ orí sìmẹ́ńtì lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ní ìyàwó rẹ̀ ló kó ẹrù lọ sílé ọkùnrin míì, bóyá ni ì bá dùn ún ju báyìí lọ.

Títì náà kò fẹ̀. Ó gbọ́ nígbà tí Olúgbémi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Yàhàyá, ìgbà wo gan-an ló ń gbọ̀n? Ṣé ìgbà tí ẹrù wà lẹ́yìn ẹ̀ ni, àbí ìgbà tó ṣófo?"

"Á, ọ̀gá! Tí mo bá kó kéréètì kún un, lafiya lau, kò ní gbọ̀n rárá. Ìgbà tí mo bá já ẹrù tán ní òtẹ́ẹ̀lì, tí mo wá ń padà bọ̀ lófìfo, ìgbà yẹn ló máa ń gbọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún Mai Giya nìyẹn, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀."

Sípánà dúró lọ́wọ́ Ṣàràfá. Kò sí ohun tí Olúgbémi tíì mọ̀ lákòókò náà, ṣùgbọ́n òun ti mọ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ìyá Fúnlọ́lá ti ráhùn pé ẹrù ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ òun balẹ̀. Ṣàràfá fi irin pẹlẹbẹ méjì-méjì kún sípíríǹgì ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì, ó tún ki ègé irin kan sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè ga dáadáa. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ga lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin gígùn tó ń gbé agbára láti inú gíá lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpẹ́là, kò dúró bó ṣe yẹ kó dúró mọ́. Bí ẹrù bá wà, ẹ̀yìn ọkọ̀ á wálẹ̀, irin náà á tọ́. Bí kò bá sí ẹrù, á ká bí orúnkún, á máa jà, á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún méjì. Gbígbọ̀n yìí náà ni yóò ti fa rọ́bà tó di gíá mú ya, gíá á wá ṣẹ́rí, kílọ́ọ̀ṣì kò ní í tú tán mọ́, gíá á sì máa ta. Àrùn kan ṣoṣo ni. Ọwọ́ òun ló sì ti wá.

Kò pẹ́ tí Olúgbémi fi sọdá wá, ó tẹ̀ ba, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yìn ọkọ̀ Mọ́mì yìí ń ga lójú mi, n kò sì bá irú ọkọ̀ yìí ṣiṣẹ́ rí nígbà tó wà ní tuntun. Ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan sípíríǹgì ẹ̀ rí?"

Ó rọrùn púpọ̀ láti sọ. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n Ṣàràfá wo ofarọ́ọ̀lù búlúù yẹn, ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, ó rí i pé bí òun bá sọ òótọ́, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ ni.

Ó ní, "Sípíríǹgì? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá láti òkè òkun. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń rí."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Olúgbémi gbà á gbọ́. Ó wá àrùn náà lọ síbòmíràn. Ó pààrọ̀ kúrọ́ọ̀sì, oríkèé irin méjèèjì tó wà lórí pùròpẹ́là, ó tú dífù, irin rogodo àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan, ó tún un dè. Ọkọ̀ náà rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí kúrọ́ọ̀sì tuntun, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀. Yàhàyá gbé e padà wá, Olúgbémi tún tú u.

Ẹ wá wo Ṣàràfá lọ́sẹ̀ náà! Oúnjẹ wọlé. Ó ń gbé orin lábẹ́ ọkọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń mu tíì lẹ́yìn ìrun alásárì, ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé àwọn ará Kàdúná mọ bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àgbà, àgbà ló ń wò ó. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó ń rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó gbé ẹrù ọjọ́ pípẹ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ìròyìn dé. Ìyá Fúnlọ́lá àti Yàhàyá ń ti ìlú Wudil bọ̀, ọkọ̀ ṣófo, pùròpẹ́là já níwájú. Orí irin náà bọ́ sílẹ̀, ó ń gbẹ́ ọ̀dà títì, ó ń lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gbàgà-gbàgà, ọkọ̀ yà kúrò lójú títì, ó di inú oko ẹ̀pà. Ìyá Fúnlọ́lá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ilẹ̀kùn, ọrùn ọwọ́ náà kán. Yàhàyá fi iwájú orí gba gíláàsì. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Sabon Gari ti dá ẹjọ́. Ta ló fọwọ́ kan pùròpẹ́là gbẹ̀yìn? Olúgbémi ni. Kò ti kúrọ́ọ̀sì dáadáa, kò mú nọ́ọ̀tì le. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ò gbé bọ́ọ̀sì wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, onítakisí yẹn padà sábẹ́ dóńgóyárò, ó ń pe Ṣàràfá ní bàbá. Ṣàràfá ka ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: méje lọ́dọ̀ òun, kò sí ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Ohun tó ti ń fẹ́ láti ọdún mẹ́ta nìyí. Ó jókòó sórí táyà kan, ó ń wá ayọ̀ rẹ̀, kò rí i.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ kí Ìyá Fúnlọ́lá. Ó bá a ní pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dì í ní ọsibítù. Wọ́n kíra. Obìnrin náà ní kò sí nǹkan, eegun á jinná.

Ó wá ní, "Ọmọ yẹn wá síbí lánàá o, Bàbá Bushrat. Ó kúnlẹ̀ síbi tí ẹ jókòó sí yẹn, ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní òun fẹ́ kó padà sí Kàdúná. Ó tún bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan sípíríǹgì ọkọ̀ náà rí. Mo ní ẹ̀yin lẹ fi irin kún un fún mi ní ọdún méjì sẹ́yìn, kò sì tíì fún mi ní ìyọnu kankan."

Ṣàràfá ní, "Kí ló wá sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó dìde ni, ó ní kí n tọ́jú ara mi."

Ó ti mọ̀, Olúgbémi ti mọ̀! Ní gbogbo ọ̀nà, bí Ṣàràfá ṣe ń rìn lọ sílé, ó ń retí ariwo. Ó dá a lójú pé bílẹ̀ bá mọ́, ọmọkùnrin náà yóò dúró láàárín títì, yóò sì sọ fún gbogbo ayé pé àgbà tẹ́ ẹ ń wò yìí, òpùrọ́ ni. Ó tilẹ̀ ti pèsè ohun tí yóò fi dá a lóhùn.

Ilẹ̀ mọ́. Olúgbémi ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ṣófo. Ó yíjú sí òdìkejì, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ti ń ṣe láràárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o."

Ìyẹn nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kẹta. Onítakisí fi Olúgbémi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀, ọmọkùnrin náà ń gbá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ìlara tó ti wà nínú Ṣàràfá tẹ́lẹ̀, ìlara ọkọ̀ àti kòtò àti fáànù ni. Ó ṣeé gbé. Èyí tó wá mú un ní ọjọ́ mẹ́ta yìí kò ṣeé gbé rárá. Ó ń ṣe ìlara ìwà. Ó mọ̀ pé ká ní òun ni wọ́n ṣe báyìí sí, òun ì bá ti lọgun dé ààfin. Kí ló dé tí ọmọ àná yìí ní irú inú bẹ́ẹ̀, tí òun tó ń gba ààwẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá kò ní in?

Lọ́jọ́ kẹrin, kò dúró kí wọ́n kí òun. Ó sọdá títì náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Olúgbémi ti dé. Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fà wá láti Wudil nírọ̀lẹ́ àná wà lórí kòtò.

Ó ní, "Olúgbémi, èmi ni mo fi irin kún sípíríǹgì. Èmi ni mo ki irin sábẹ́ ẹ̀. Nígbà tó o bi mí, mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni, mo sì purọ́ fún ẹ."

Olúgbémi fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo mọ̀, sà. Ohun tí n ò mọ̀ ni ìdí ẹ̀. Mo rò ó títí. Mo ní bóyá mo ti ṣẹ̀ yín níbì kan."

"O ò ṣẹ̀ mí. Iṣẹ́ rẹ ló ń dùn mí."

Olúgbémi na tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní, "Ẹ bá mi wọnú kòtò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ibi tí irin náà wà hàn mí."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é pọ̀. Ṣàràfá yọ ègé irin méjèèjì àti pẹlẹbẹ tó lé. Olúgbémi so òkò mọ́ okùn, ó fi wọn bí pùròpẹ́là tuntun ṣe tẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, Ṣàràfá sì ń sọ fún un bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ tuntun. Rọ́bà tó di gíá mú ti ya sí méjì, bó ti rò gẹ́lẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí Yàhàyá wà á lọ sí Airport Road lófìfo, kó wà á bọ̀. Nígbà tó dé, orí rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. "Kai! Bíi bọ́tà!"

Ṣàràfá bá ọkọ̀ náà délé Ìyá Fúnlọ́lá. Níwájú Yàhàyá àti àwọn tó wá kí i, ó sọ ohun tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú sìmẹ́ńtì fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ yín mọ́, Bàbá Bushrat."

Kò sì gbé e wá mọ́ títí tó fi tà á. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Sabon Gari, àwọn ọkọ̀ tún sọdá, wọ́n sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún kan gbáko ni àwọn kan fi ń yọ Ṣàràfá sílẹ̀ nínú ìkíni. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò yí padà: bí gíá tó le bá dé ọ̀dọ̀ Olúgbémi, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò ní kí wọ́n gbé e sọdá fún ẹ̀gbọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìlara náà lọ. Ní 1986, Olúgbémi kó lọ sí Airport Road, sí ọgbà ńlá kan tí ẹ̀rọ ti ń gbé odindi ọkọ̀ sókè bí ẹni gbé àwo. Ṣàràfá wọ agbádá lọ bá a yọ̀. Wọ́n fi í sí orí àga iwájú, Olúgbémi sì dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo àwọn èèyàn pàtàkì tó wá. Ó gbàdúrà, ó jẹ, ó mu, ó wo ẹ̀rọ náà bó ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láì bọ́ agbádá.

Rahinat bi í pé, "Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dára. Ó dára gan-an ni." Ó gbọn eruku etí agbádá rẹ̀. "Ó dùn mí, Rahinat."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gba fìlà orí rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé á dùn yín. Ẹ wọlé, ẹ bọ́ agbádá. Gíá méjì tí Olúgbémi ní kí wọ́n gbé wá fún yín wà lẹ́yìnkùlé."